Ẹni tó kó èèyàn lọ sórí òkè, òun ló gbọ́dọ̀ kó wọn bọ̀ wálé



Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, a máa ń ka ìròyìn ní èdè Faransé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, lẹ́yìn náà a ó sọ ọ́ padà ní Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn tó kàn wá ni ti àwọn ará Ìlú Ọba kan tó lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà kí wọ́n lè kó owó jọ fún àwọn aláìsàn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà nawọ́ sókè, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Bí aláìsàn bá ń fẹ́ owó oògùn, kí ló dé tí wọn ò kàn fún un lówó? Kí ni òkè gígùn wá ń ṣe níbẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. A wá a lọ, a kàwé, a sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a rí fún ẹ̀yin náà. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni aṣáájú, ìyẹn ẹni tó ń kó àwọn wọ̀nyí lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tó sì tún gbọ́dọ̀ kó wọn padà.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìrìn àánú?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ẹnì kan á sọ pé òun fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, tàbí kí òun gun òkè ńlá kan. Á wá tọ ẹbí, ọ̀rẹ́ àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, á ní: "Mò ń lọ jìyà lórí òkè fún ọjọ́ méje. Ẹ bá mi fi nǹkan tì í. Owó náà kì í ṣe tèmi, ti àjọ tó ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ni." Ẹni tó ń gbọ́ ọ á rí i pé ẹni tó ń tọrọ yìí kò jókòó gẹlẹtẹ, òógùn ara rẹ̀ lòun náà fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ lọ sápò.

Ẹ rántí ọ̀wẹ̀ tí àwọn bàbá wa máa ń bẹ̀ láti roko tàbí láti kọ́lé. Ẹni tí kò lówó á fi agbára rẹ̀ ran ẹnìkejì lọ́wọ́. Ìrìn àánú jọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé agbára tí arìnrìn-àjò ń lò kò kọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń mú kí àwọn ẹlòmíràn yọ owó ni.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ni Terry Fox, ọmọ Kánádà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ó fi ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la Kánádà já kí wọ́n lè rí owó ṣèwádìí lórí àrùn náà. Ọjọ́ 143 ló fi sáré, ó sì ti ṣe kìlómítà 5,373, kí àrùn náà tó tún gbé e dè. Ọmọ ọdún 22 péré ni nígbà tó kú ní 1981. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré lórúkọ rẹ̀ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ti Kilimanjaro náà kì í ṣe ohun kékeré. Ní oṣù kẹta ọdún 2009, gbajúmọ̀ mẹ́sàn-án láti Ìlú Ọba, tí olórin Gary Barlow wà lára wọn, gun òkè náà fún àjọ Comic Relief. Owó tí àwọn èèyàn dá ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́ùn lọ, ó sì wà fún gbígbógun ti ibà ní Áfíríkà. Ibà kan náà tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú nílé ni o.

Òkè tí kì í wo agbára

Lọ́dọ̀ tiwa, òkè Sokbaro ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ mítà 658. Agou, tó ga jù ní Tógò, jẹ́ 986. Kilimanjaro jẹ́ mítà 5,895, kò sì sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ká sọ pé èèyàn lè to òkè Agou mẹ́fà léra, díẹ̀ báyìí ni wọn ì bá fi ga ju Kilimanjaro kan ṣoṣo lọ.

Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Tó bá fi máa dé ṣóńṣó Kilimanjaro, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú èémí kan kò ju bí ìdajì èyí tí à ń mí sínú ní etí òkun ní Kùtọnu. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 ni àìsàn òkè gíga ti lè bẹ̀rẹ̀: orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbé ni, oúnjẹ kò ní wu ni, oorun kò ní wá. Bí wọn ò bá tètè dá a mọ̀, omi lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí kí ọpọlọ wú, ìyẹn sì lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yani lẹ́nu ni pé àìsàn yìí kì í wo agbára. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ lè dùbúlẹ̀, kí ìyá àgbà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ sì kọjá lára rẹ̀. Ohun tó ń gbani ni pé kéèyàn má kánjú, kí ara lè mọ́ ọn lára. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé bí èèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó máa sùn lálẹ́ kò gbọdọ̀ fi ju 500 ga ju ibi tó sùn lánàá.

Ẹ wá wo ọ̀nà Marangu, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè náà. Ilé ìsùn àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bíi mítà 2,720, èkejì ní 3,720, ẹ̀kẹta ní nǹkan bíi 4,720. Ẹgbẹ̀rún mítà ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì! Ìdí nìyí tí aṣáájú tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí wọ́n sun ilé kejì lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó yan ọ̀nà mìíràn tó gùn jù. Ọjọ́ tí wọ́n fi kún un yẹn, owó ni. Ẹni tó bá gé e kúrò nítorí kí ìrìn-àjò lè dínwó, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ṣòwò.

Iṣẹ́ aṣáájú

Òfin ọgbà òkè náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá a gùn láìsí amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Amọ̀nà yìí ló mọ òkè, ó mọ ojú ọ̀run, ó sì ń gbọ́ èdè àwọn aláàárù. Aṣáájú tó bá ẹgbẹ́ wá láti òkèèrè ní tirẹ̀ ló mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá gbọ́ra wọn yé, ìrìn náà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbéra.

Kí wọ́n tó kúrò nílé ni iṣẹ́ aṣáájú ti bẹ̀rẹ̀. Á béèrè àìsàn tí kálukú ní àti oògùn tó ń lò. Á yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, á yẹ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wò, ìyẹn ìwé yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀. Á ní kí wọ́n ti wọ bàtà wọn dáadáa nílé kó lè mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, torí bàtà tuntun lórí òkè, ọgbẹ́ ni.

Bí wọ́n bá ti bọ́ sọ́nà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa gbọ́ jù ní èdè Swahili ni "pole pole". Ẹ pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jọ "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" tiwa, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Aṣáájú á máa sọ fún wọn pé kí wọ́n mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Lálẹ́, á lọ láti àgọ́ dé àgọ́: "Ṣé o jẹun? Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé o sùn lánàá?" Á máa wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn, torí ẹni tó fẹ́ dé ṣóńṣó lè parọ́.

Òru ọjọ́ ìkẹyìn ló le jù. Nǹkan bí agogo méjìlá òru ni wọ́n máa ń gbéra nínú òtútù tó ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ òdo, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, kí oòrùn lè là bá wọn lókè. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì mítà lọ kí wọ́n tó sùn.

Ibí yìí ni iṣẹ́ aṣáájú ti ń dán èèyàn wò. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó ń rìn ní ìrántí ìyá rẹ̀ tí jẹjẹrẹ pa. Igba èèyàn ló ti dáwó fún un. Àwòrán ìyá náà wà nínú àpò rẹ̀, ó fẹ́ gbé e dé òkè. Ó ku mítà 300, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ mọ́. Aṣáájú gbọ́dọ̀ sọ fún un pé: "Ó tó. Padà." Obìnrin náà á sunkún, á bẹ̀bẹ̀, ó tiẹ̀ lè bú u. Àmọ́ kò sí oògùn tó ju pé kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lọ. Aṣáájú tó bá ní "ó ku díẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara dà á" nítorí owó tí àwọn èèyàn ti dá, ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Owó náà kò sì ní tìtorí ìyẹn padà sẹ́yìn. Ẹni tó dáwó kò ra ṣóńṣó òkè, aláìsàn ló fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí a gbàgbé láti kà

Àwa náà ti ṣe aṣáájú rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí Ìdáàṣà, ìlú olókè mọ́kànlélógójì, kí a lè fi ìrìn kó owó ìwé jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kan. Nígbà tí à ń gòkè, a ka orí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, inú gbogbo wa ti dùn, orin ti pọ̀ lẹ́nu, ebi sì ń pa wá. A ò kà mọ́.

Ìgbà tí a wọ ọkọ̀ tán ni ẹnì kan béèrè pé lágbájá dà. Bàtà ọmọbìnrin kan ló ti já, ojú ń tì í láti pariwo, ló bá jókòó sídìí àpáta, ó ń retí pé ẹnì kan á bojú wẹ̀yìn. Oòrùn ti wọ̀ kí a tó rí i. Nǹkan kan ò ṣe é, ṣùgbọ́n ó wo ojú wa, ó ní: "Ọ̀gá, mo rò pé ẹ ti lọlé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn wá títí dòní. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹlòmíràn. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbà tí inú bá ti dùn pé a ti ṣe é tán gan-an ló yẹ kí aṣáájú ka orí. Ṣóńṣó òkè, ìdajì ọ̀nà ni.

Owó náà dà?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà ṣe é. Nínú èkíní, arìnrìn-àjò á fi owó ara rẹ̀ san ọkọ̀ òfuurufú, oúnjẹ àti amọ̀nà, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn bá dá á sì lọ sọ́dọ̀ àjọ aláàánú. Nínú èkejì, inú owó tí wọ́n dá náà ni wọ́n ti máa yọ owó ìrìn-àjò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ká ní ẹnì kan kó 2,500,000 sẹ́fà jọ, ìrìn-àjò rẹ̀ sì ná wọn ní 1,500,000. Ohun tó dé ọwọ́ aláìsàn jẹ́ 1,000,000. Èyí kì í ṣe olè, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún ẹni tó dáwó kó tó dá a. Ibi tó ti ń di àbòsí ni ìgbà tí wọ́n bá fi pa mọ́. Torí náà, bí ẹbí yín kan ní Paris tàbí ní London bá ní kí ẹ dáwó fún ìrìn òun, ẹ má bínú sí i, ẹ kàn bi í pé: Ta ló sanwó ọkọ̀? Èló ló máa dé ọ̀dọ̀ àjọ? Kí ni àjọ náà fẹ́ fi ṣe? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á dáhùn.

Ìbéèrè kẹrin tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: àwọn aláàárù ńkọ́? Àwọn ló ń ru àgọ́, oúnjẹ àti ẹrù àwọn àlejò, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ní tó mẹ́ta lẹ́yìn. Ìlànà ni pé ẹrù tí wọ́n dì fún aláàárù kan kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Láti ọdún 2003 ni àjọ kan tí wọ́n ń pè ní KPAP ti ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wọn: ṣé wọ́n ń sanwó wọn pé, ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé wọ́n ní aṣọ òtútù. Ìrìn àánú tó bá fi ebi pa aláàárù kí aláìsàn lè rí oògùn, irú àánú wo nìyẹn?

Kò sì pọn dandan kéèyàn lọ jìnnà. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, Tom Moore, ọmọ ogun àtijọ́ ní Ìlú Ọba, rìn lọ rìn bọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún nínú ọgbà ilé rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́ùn ló ń wá fún ìlera ará ìlú. Ohun tó wọlé ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù lọ. Àgbàlá ilé rẹ̀ ni Kilimanjaro tirẹ̀.

Adùn àbọ̀

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó ń ṣe aṣáájú mọ òwe yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí òun ló ń sinmi kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnubodè òkè, wọ́n á fún àwọn tó dé ṣóńṣó ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á fún àwọn amọ̀nà àti aláàárù lówó ọ̀yàyà, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó. Aṣáájú ṣì ń ka orí. Ní pápákọ̀ òfuurufú, àwọn tí kò mọra wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn á dì mọ́ra, omijé á bọ́. Aṣáájú á máa wò títí ẹni ìkẹyìn á fi rí ẹbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó gbé àpò tirẹ̀.

Bí èèyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ara ti ń mọ̀. Afẹ́fẹ́ ń kún, oorun ń padà, oúnjẹ ń dùn lẹ́nu. Nílé, omi gbígbóná tó ń tú jáde lásán di ohun ìyanu. Ibùsùn tí kò dagun di ọlá. Àwọn ará ilé á béèrè pé: "Òkè ńkọ́?" Kó tó dáhùn tán, wọ́n á ní: "Owó iná ti dé o, páìpù sì ń jò." Àwọn kan máa ń bínú pé ẹni kankan ò fẹ́ gbọ́ ìtàn àwọn. Lójú tiwa, adùn rẹ̀ gan-an nìyẹn: ilé kò dúró sójú kan nígbà tí o lọ, ó sì ti fi àyè rẹ sílẹ̀ fún ọ.

Ẹ wo èdè wa náà. Bí ẹnì kan bá ń lọ, "ó dàbọ̀" là ń wí fún un: ọ̀rọ̀ ìdágbére wa, àbọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá dé, "ẹ kú àbọ̀" ni, òun náà á ní "ẹ kú ilé". Àní nígbà tí a bá ń sọ Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, "bonne arrivée" là ń kí àlejò, kí a tó gbé omi fún un, kí a tó bi í ní ìròyìn. Lálẹ́ ọjọ́ Ìdáàṣà yẹn, ìyá ọmọbìnrin náà ló gbé omi wá fún wa nígbà tí a mú ọmọ rẹ̀ délé. Kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A mu omi náà, a sì ro ó fún un. Kò pariwo. Ó kàn ní: "Ẹ sáà ti mú un dé."

Ní ọjọ́ kejì, a dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn. A ní òkè kì í wo aláìsàn sàn, òótọ́ ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ẹni tó jìnnà gbọ́ igbe ẹni tí kò mọ̀. Bí owó bá dé ibi tí wọ́n ní ó ń lọ, tí àlejò padà sí Ìlú Ọba, tí aláàárù náà sì padà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́wọ́, ìrìn náà dára. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn, kò tíì parí.

Ó ní: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ó tún kó wa lọ sí Ìdáàṣà?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni a ó fi sẹ́yìn, kó máa ka orí.